Okòtó inú omi: láti Kétu dé Nangbéto

Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, kí ọkọ̀ wa tó gun afárá odò Ouémé, a ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì wa 18 ni a kó dání, pẹ̀lú olùkọ́ kan tí í ṣe ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi odò náà fà sẹ́yìn. Iyanrìn funfun yọ láàárín rẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ ní etí rẹ̀, ọkọ̀ ọpọ́n kan ṣoṣo sì ń sọdá lọ jẹ́jẹ́. A sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n wò ó dáadáa, nítorí odò yìí gan-an ni ó rán wa níṣẹ́ tí a ń lọ jẹ́.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ orúkọ Dogo bis ní Kétu. Ètò kan ni, tí ó wà lórí ìwé, láti sé odò Ouémé lápá ọ̀dọ̀ wa, kí omi rẹ̀ máa yí ẹ̀rọ tí yóò mú 128 mégáwáàtì iná mànàmáná wá. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún jí, ìlú a pín sí méjì. Àwọn kan á ní ọlà dé; àwọn kan á béèrè ibi tí a ó gbé oko, igbó àti ojú oórì àwọn bàbá wọn sí. Nínú kíláàsì wa náà, bákan náà ni. Kí a tó gbéra, a ní kí wọ́n nawọ́: àwọn 13 fẹ́ kí a sé odò náà, àwọn 5 kò fẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ti dé ibi tí a ti sé odò rí. Kí a má purọ́, àwa náà kò dé ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti tó ogún ọdún tí a ti ń ya àwòrán rẹ̀ sára pátákó. Ìdí nìyí tí a fi yan Nangbéto ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí a ti sé odò Mono, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 1987, tí púpọ̀ nínú àwọn tí omi lé kúrò nílé sì wà láàyè láti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

A gba Bohicon àti Abomey, a jẹun ní Azovè, a sì kọjá ibodè ní Tohoun. (A kò ní sọ púpọ̀ nípa ibodè. Ẹni tí ó bá ti kó ọmọ 18 kọjá ibodè rí mọ ohun tí ojú wa rí. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, kí ó má kánjú.) Láti Notsé a yà sí àríwá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀, àwọn òkè Atakpamé sì yọ sí wa nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Ní Atakpamé ni a sùn. Ìyá alákàrà kan ní ẹ̀bá ọ̀nà gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń jiyàn lórí iye owó ní èdè Kétu, ó sì dá wọn lóhùn ní èdè Ifẹ̀. Àwọn Ifẹ̀ yìí, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana, gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá, gẹ́gẹ́ bí àwa ará Kétu náà ti ń sọ nípa ara wa. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń wálẹ̀, àwọn ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n omi ń jẹ́ omi lẹ́nu rẹ̀, ilé sì ń jẹ́ ilé. Ó fi àkàrà mẹ́ta ṣe ènì fún wa. Ọ̀dọ́mọdé kan nínú wa tí kò ti Kétu jáde rí sọ pé òun kò mọ̀ pé a ní ará ní ibi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé Nangbéto, ìrìn náà kò gba òwúrọ̀ kan tán. Odò Mono ti àríwá wá láti òkè Alédjo, àwọn odò bíi Anié àti Ogou sì ń da omi tiwọn sínú rẹ̀, kí ó tó máa lọ sí òkun, níbi tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ààlà láàárín Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ní Nangbéto ni wọ́n ti gbé ògiri dí i: yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni apá tí ó gùn jù, kọnkéré sì ni àárín, níbi tí àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá wà. Lẹ́yìn ògiri náà, omi tẹ́ lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Bí ó bá kún dẹ́nu, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 180 kìlómítà onígun mẹ́rin, omi inú rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù 1.7 mítà onígun mẹ́ta lọ. Ní oṣù kẹta kò kún. Kùkùté igi tí ó ti kú láti ọjọ́ tí omi ti dé dúró gángan nínú rẹ̀ bí ìka ọwọ́, àwọn ẹyẹ funfun sì bà lé wọn. Wọ́n ní erinmi wà níbẹ̀. Gbogbo ìpàkọ́ òkúta tí a rí ni àwọn ọmọ ń pè ní erinmi.

Ẹlẹ́rọ kan tí ó ní sùúrù mú wa wọ inú ilé ẹ̀rọ. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe ariwo ọjà. Ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé ni. Ohun tí a rí kò pọ̀: orí ẹ̀rọ ńlá méjì, tí ìyókù ara wọn wà lábẹ́ ilẹ̀. Kí àwọn ọmọ má bàa rò pé àgbá irin lásán ni a tìtorí rẹ̀ rìn, a bẹ̀rẹ̀ láti orí okòtó.

Gbogbo wa ni a ti ta okòtó rí. Ìkarahun náà ṣóńṣó nísàlẹ̀, ìka méjì fún un lágbára, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nítorí pé ó ń yí. Ní 1822, ọ̀gbẹ́ni Claude Burdin, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà ní Saint-Étienne, ń wá orúkọ fún ẹ̀rọ tí omi yóò máa yí. Ó yà á láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan, turbo, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ okòtó tàbí ìjì tí ń yí po. Báyìí ni a ṣe rí ọ̀rọ̀ turbine. Burdin ní orúkọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ ni kò tíì ní. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Benoît Fourneyron, ni ó kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó wúlò, ní 1827. (Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi.) Èyí tí ó wà ní Nangbéto jẹ́ irú tí Viktor Kaplan, ọmọ ilẹ̀ Austria, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1913. Ó rí bí abẹ̀bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ ojú omi síwájú, ṣùgbọ́n àwọn apá rẹ̀ lè yí ara wọn padà bí omi bá ṣe pọ̀ tó tàbí bí ó ṣe kéré tó. Irú odò tí ń kún lónìí tí ń fà lọ́la, bíi tiwa, ni ó dára fún.

Omi ń já láti òkè, ó ń lu apá ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ ń yí. Òpó irin kan so ó mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wà lórí rẹ̀. Nínú ìyẹn, òòfà ńlá ń yí láàárín wáyà bàbà tí a ká jọ, iná sì ń ṣàn nínú wáyà náà. Michael Faraday ni ó ṣàwárí èyí ní 1831. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Omi kò jóná, kò dín kù, kò yí àwọ̀ padà. Bí ó ti wọlé ni ó ṣe ń jáde, àyàfi pé ó ti fi agbára ìjábọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

A ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró níbẹ̀. Ẹ mú bídọ́ọ̀nù omi 25 lítà, ẹ kó 40 rẹ̀ jọ: mítà onígun mẹ́ta kan nìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 1,000 kílò. Bí ẹ bá ń da irú rẹ̀ kan sílẹ̀ láti orí òkè tí ó ga ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìdúró, agbára 98 kílówáàtì ni ẹ ní. Ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ohun tí ó ń ṣòfò, yóò ku èyí tí ó lè tan gílóòbù kékeré oní-10 wáàtì tí ó lé ní 8,000. Ohun méjì péré ni iná omi ń béèrè, nígbà náà: kí omi pọ̀, kí ó sì já láti ibi gíga. Ilẹ̀ wa kò ní òkè púpọ̀. Níbi tí a kò bá ti rí ibi gíga, ògiri ni a ó fi ṣe é, bí a bá sì mọ ògiri, omi yóò gba ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe tẹ́jú tó ni ilẹ̀ tí omi yóò gbà ṣe ń pọ̀ tó. A rí i lójú àwọn ọmọ náà pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Dogo bis ti wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ̀rọ méjèèjì ní Nangbéto lè mú 65 mégáwáàtì wá bí omi bá pọ̀. Ní ọjọ́ tí a débẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń yí. Ẹlẹ́rọ náà ní àwọn ń tọ́jú omi títí òjò yóò fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan béèrè pé, bí òjò kò bá wá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á bi olùkọ́ wa.

A kò nílò kí á wo ìwé kí á tó dáhùn. Ní 1968, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dahomey, orílẹ̀-èdè méjèèjì pa ọwọ́ pọ̀ dá CEB sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa wá iná fún ara wọn. Kí wọ́n tó kọ́ Nangbéto, iná Akosombo ni à ń rà lọ́wọ́ Gana, láti orí odò Volta tí wọ́n sé ní 1965. Ẹ̀rọ mẹ́fà wà níbẹ̀ tí agbára wọn jẹ́ 1,020 mégáwáàtì lónìí. Kódà lẹ́yìn Nangbéto, à ń rà á síbẹ̀. Ní 1998 òjò fà sẹ́yìn, adágún Akosombo rẹlẹ̀, Gana, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì jọ wọ inú òkùnkùn tí gbogbo wa ń pè ní délestage. Ọdún yẹn gan-an ni àwa ń múra ìdánwò bac. Fìtílà ni a fi ka ìwé, èéfín rẹ̀ ń wọ imú, a sì ń bínú sí àwọn alákòóso. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé odò kan tí ó jìn sí wa ni ó gbẹ.

Nígbà tí a gun orí ògiri padà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkan, ó gbé fìlà ọmọ kan lọ sínú adágún. Ẹni tí fìlà rẹ̀ lọ ni ó bi wá ní ìbéèrè tí ó dára jù ní ọjọ́ náà: “Monsieur, ṣé afẹ́fẹ́ yìí kò lè ṣe iṣẹ́ náà? Òun kì í gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.” Ọya kan náà ni ó ni odò, òun náà ni ó ni ìjì, nítorí náà ìbéèrè rẹ̀ bá ìrònú àwọn baba wa mu. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò sì yàtọ̀ sí ti omi nínú: apá ń yí, òòfà ń yí, iná ń jáde. Ní Taïba Ndiaye, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, irú rẹ̀ 46 wà ní tòsí òkun, tí agbára wọn jẹ́ 158.7 mégáwáàtì, ó ju ìlọ́po méjì Nangbéto lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ní òfin tirẹ̀ tí ó le. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré náà bá sì dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù. Etí òkun wa ní afẹ́fẹ́ díẹ̀; Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ tí ń fẹ́ eruku sí wa lójú kì í sì í ṣe ti gbogbo ọdún. Yàtọ̀ sí èyí, a lè sé omi mọ́ ẹ̀yìn ògiri dé alẹ́ tí a óò nílò rẹ̀. A kò tíì rí ògiri tí ń sé afẹ́fẹ́.

Ọmọ náà kò gbà tán. Ó ní a lè lo méjèèjì, kí omi sinmi nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ṣiṣẹ́. A sọ fún un pé òótọ́ ni, pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò rí fìlà rẹ̀ yọ.

Ní ọ̀sán, wọ́n mú wa lọ sí abúlé kan lára àwọn tí a tún tẹ̀ dó nígbà tí omi dé. Bí 10,000 ènìyàn ni adágún náà mú kí wọ́n kúrò níbi tí wọ́n ń gbé. Bàbá arúgbó kan, Ifẹ̀ pọ́ńbélé, jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń hun àwọ̀n. Nígbà tí ó gbọ́ ibi tí a ti wá, ó pa àwọ̀n tì, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Alákétu.” A dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀. A ní kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ bí ó ti rí fún àwọn ọmọ yìí.

Kò sọkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn dára ju ilé amọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí á má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ fún wa lórí ìyẹn. Ilẹ̀ oko ni kò tó mọ́, nítorí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ etí odò tí ìkún omi máa ń sọ di ọ̀rá lọ́dọọdún sì ti wọ ìsàlẹ̀ adágún. Àwọn apẹja dé láti ọ̀nà jíjìn. Òun náà kọ́ ẹja pípa lẹ́yìn tí ó ti ju ẹni ogójì ọdún lọ. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí ojú omi.

“Ṣé ẹ rí àwọn igi ọ̀ọ́kán yẹn? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le gan-an, orí ìrókò agbo ilé wa a máa yọ. Mo máa ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo máa ń kí wọn, mo sì máa ń padà.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn 13 tí wọ́n nawọ́ ní Kétu ni ó béèrè bóyá iná wà nílé Bàbá. Ó tọ́ka sókè. Wáyà ńlá gba òkè abúlé náà kọjá lọ. Lábẹ́ rẹ̀, fìtílà kékeré tí a ń sá sí oòrùn ni Bàbá fi ń ríran ní alẹ́. “Àwọn ọmọ mi ní Lomé ń fi í wo tẹlifíṣọ̀n,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé èyí, nítorí pé ó ń dun ènìyàn, ó sì ní ìdí. Iná tí ń kúrò ní Nangbéto ń rìn ní 161,000 volt, kí ó má bàa ṣòfò lójú ọ̀nà. Gílóòbù ilé wa kò fẹ́ ju 220 lọ. Kí abúlé kan tó lè bù nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ibùdó transfọ́máà tí yóò rọ̀ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú òpó àti wáyà kéékèèké títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, owó mìíràn, ìwé mìíràn. Owó ògiri lè pé kí owó wáyà kékeré má sì sí níbì kankan. Bàbá kò mọ volt, ṣùgbọ́n ó mọ èyí. Ó bi wá pé, “Ẹ̀yin ará Kétu, ṣé wọ́n ti wá bi yín?” A ní a kò mọ̀. Ó ní, bí wọ́n bá wá, kí á jẹ́ kí iná abúlé wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ògiri, kì í ṣe nínú ìwé tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí á lọ fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fi pààrọ̀. Kí àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò sì mọ ẹni tí yóò pè wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn irin.

Èyí tí ó sọ kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí a tó sé Mono, odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nísinsìnyí omi ń ṣàn nínú rẹ̀ yípo ọdún. Iyanrìn tí ó máa ń gbé lọ sí òkun ń dúró lẹ́yìn ògiri, bí ti Volta ṣe ń dúró ní Akosombo. Èbúté Lomé náà dí ọ̀nà iyanrìn etíkun, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ Aného àti Grand-Popo. Ẹni tí ó wà ní Grand-Popo kò rí Nangbéto rí, ṣùgbọ́n Nangbéto ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé kí á má fẹ́ iná. Láti 2007 ni wáyà 330,000 volt ti gba ìhà Ìkẹjà wọ Ṣakẹ́tẹ́, tí à ń ra iná Nàìjíríà. Apá kan iná Nàìjíríà sì ń ti Kainji wá, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ọya ní 1968, tí ìlú Bussa àtijọ́ fi wọ omi. Kò sí alẹ́ tí a tan gílóòbù ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu tí kò ṣeé ṣe kí ìrókò agbo ilé ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí á kọ̀ láti sé odò tiwa, kí á sì máa ra èyí tí a fi odò ẹlòmíràn ṣe, ohun tí a kò lè fi ìgboyà kọ́ ọmọ ni. A fẹ́ iná náà. A fẹ́ mọ iye rẹ̀ pẹ̀lú, ní héktà, ní orúkọ abúlé, kí a tó san án.

Nígbà tí a padà dé afárá Ouémé ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni wọ́n ní kí awakọ̀ dúró. Òṣùpá wà lójú omi. A tún ní kí wọ́n nawọ́. Àwọn mẹ́rin péré ni ó nawọ́, méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún. Àwọn ìyókù ń wo odò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó béèrè ọ̀rọ̀ òjò ní Nangbéto bi wá bí omi náà yóò ṣe gòkè tó, nítorí pé oko ìyá rẹ̀ àgbà kò jìn sí etí odò, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wọ̀ ọ́. Ó ní kí á fi àwòrán ilẹ̀ hàn òun.

A kò ní àwòrán náà. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, kíláàsì náà kọ ìwé sí ọ́fíìsì tí ó yẹ, ní èdè Faransé tí ó mọ́ gaara, láti béèrè fún un. Àwọn 18 ni wọ́n fọwọ́ sí i. A ṣì ń retí èsì.